Wọ́n ní PSP yìí "ti hack": kí ni wọ́n ṣe sí i gan-an?

Ẹni tó bá lọ ra PSP tòkunbọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́dìmú tí Sony ṣe, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní ṣàìgbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń tà á: "Ẹ má dààmú, èyí ti hack, kò sí géèmù tí ò ní gbé." Ó sanwó, ó gbé e relé, àwọn ọmọ fi gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ṣú, bátìrì kú, wọ́n ki ṣájà bọ̀ ọ́, nígbà tí wọ́n máa fi tún tàn án, gbogbo géèmù orí káàdì ti pòórá, àwọn nǹkan díẹ̀ tó ṣẹ́kù, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sójú pé kò lè bẹ̀rẹ̀, á wá fi nọ́ńbà kan tì í nídìí, 80020148. Wàhálà dé nìyẹn. Ẹni tó rà á ń pariwo pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì, ẹni tó tà á ní àwọn ọmọ ló fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì, ẹ̀rọ náà ò sì bàjẹ́, àlàyé tó yẹ kí wọ́n ṣe fún oníbàárà lọ́jọ́ tó sanwó ni wọn ò ṣe.

Èyí tó tún wá da ọ̀rọ̀ rú ni PPSSPP, áàpù tí àwọn ọmọ fi ń gbá géèmù PSP lórí fóònù. Àwọn kan rò pé ohun kan náà ni, pé ẹni tó bá ti gbé PES sórí fóònù ẹ̀ ti "hack" nǹkan kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀. PSP ni mo máa fi ṣàlàyé, torí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa, Sony náà sì ti fi í sílẹ̀ tipẹ́, ohun tí mo bá sọ lónìí nípa ẹ̀, kò ní yí padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí là ń pè ní homebrew?

Homebrew ni áàpù tàbí géèmù tí ẹnìkan kọ fúnra ẹ̀ fún ẹ̀rọ géèmù kan, tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ yẹn ò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, tí kò gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn, tí kò sì san kọ́bọ̀ fún wọn. Ó tán. Tí ọmọ yunifásítì kan bá jókòó sí yàrá ẹ̀ tó kọ géèmù ayò fún PSP, homebrew nìyẹn, kódà kí géèmù náà má dùn.

Wọ́n ti kọ oríṣiríṣi fún PSP. Bookr wà tí wọ́n fi ń ka ìwé PDF lórí ẹ̀, nígbà tí fóònù tó lè ṣe irú ẹ̀ ṣì wọ́n bí ojú. Doom náà wà, torí pé id Software tó ni géèmù yẹn ti tú kóòdù ẹ̀ síta fún gbogbo ayé láti 1997, ẹni tó bá ń fẹ́ kàn máa mú un ni, á gbé e wọ ẹ̀rọ tó bá wù ú. Cave Story tún wà, géèmù tí ọkùnrin ará Jàpáànì kan ṣoṣo, Daisuke Amaya, fi ọdún gbọọrọ ṣe, tó sì fún gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2004, àwọn kan gbé òun náà dé orí PSP. Àwọn emulator náà ń bẹ, ìyẹn áàpù tó ń mú kí ẹ̀rọ kan máa ṣe bí ẹ̀rọ mìíràn, tí PSP á fi máa ṣe bí ẹni pé Super Nintendo tàbí Game Boy Advance lòun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá lọ́jú pọ̀ nìyí o. Géèmù PSP tí wọ́n ń tà nínú ike máa ń wà lórí díìsìkì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní UMD, èyí tó lè gba tó gígábáìtì 1.8. Tí ẹnìkan bá da gbogbo ohun tó wà lórí UMD yẹn sínú fáìlì kan ṣoṣo, ISO lorúkọ fáìlì yẹn. FIFA tàbí God of War tẹ́ ẹ rí gẹ́gẹ́ bí ISO kì í ṣe homebrew, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni, wọ́n kàn ṣe ẹ̀dà ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gba homebrew wọlé sínú PSP, ọ̀nà yẹn náà ló gba ISO wọlé, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tà á fi kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ tí wọ́n ń pè é ní "hack".

PPSSPP ńkọ́? Emulator ni òun, Henrik Rydgård ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó jáde ní 2012, ọ̀fẹ́ ni, kóòdù ẹ̀ wà níta gbangba. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí fóònù yín máa ṣe bíi PSP. Kò sí ẹ̀rọ Sony kankan níbẹ̀, kò sí ohun tẹ́nikẹ́ni hack.

Kí ló dé tí PSP ò fi kàn gbà á wọlé?

PSP jáde ní Jàpáànì lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá 2004, ó dé Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹta 2005. Tẹ́ ẹ bá tú u, kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀: ó ní ọpọlọ tó lè sáré dé 333 megahertz, àkọ́kọ́ jáde ní RAM (mẹ́mórì tí kì í rántí nǹkan tí iná bá ti kúrò lára ẹ̀) mẹ́gábáìtì 32, àwọn tó tẹ̀lé e láti PSP-2000 lọ ní 64. Kò sí ìdí kan nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn tí kò fi yẹ kó gbé áàpù tẹ́ ẹ fúnra yín kọ. Agbára ẹ̀ gbé e. Àṣẹ ni kò sí.

Ẹ wò ó bíi máígádì ẹsítéètì tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé mọ́tò tí kò bá ní sítíkà ẹsítéètì lójú gíláàsì, kò gbọ́dọ̀ wọlé. Mọ́tò yín lè rẹwà, ẹ lè jẹ́ ọmọlúàbí, ó lè jẹ́ pé ìyá yín lẹ fẹ́ kí, kò kàn án. Sítíkà ló ń wò. Ẹni tó ní sítíkà, kódà kó jẹ́ olè, á gbé igi géètì sókè fún un, á tún kí i.

Bí PSP ṣe ń ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́. Inú firmware ni máígádì náà ń gbé, ìyẹn software tí Sony fi sínú ẹ̀rọ láti ilé, tó máa ń kọ́kọ́ jí tẹ́ ẹ bá tan PSP, òun ló ń gbé àwòrán fọ́tò, orin àti géèmù sójú fún yín láti mú. Kó tó ṣí géèmù èyíkéyìí, á wò ó bóyá òǹtẹ̀ Sony wà lára ẹ̀. Òǹtẹ̀ yìí kì í ṣe àwòrán, ìṣirò ni, tí wọ́n fi nọ́ńbà àṣírí kan ṣe, ẹni tí ò bá mọ nọ́ńbà yẹn ò lè ṣe é, tí ẹ bá sì yí lẹ́tà kan péré padà nínú géèmù tó ti ní òǹtẹ̀, ìṣirò náà ò ní bá ara mu mọ́, ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́.

Owó ló fà á jù. Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó bá ṣe géèmù fún PSP ló ń san nǹkan fún Sony, tí ẹnikẹ́ni bá wá lè gbé ohun tó wù ú sórí ẹ̀, ta ni yóò sanwó? Àti pé wọn ò fẹ́ kí ẹ̀dà ayédèrú kún ìta. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, ìṣòro ibẹ̀ ni pé máígádì tí kò jẹ́ kí olè wọlé, kò jẹ́ kí ọmọ tó kọ géèmù ayò náà wọlé.

Báwo ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọjá lára máígádì?

Ohun tó máa pa yín lẹ́rìn-ín ni pé nínú àwọn PSP tó kọ́kọ́ jáde ní Jàpáànì, èyí tó ní firmware 1.00, máígádì ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò yẹ òǹtẹ̀ àwọn fáìlì orí káàdì wò rárá. Ní oṣù Karùn-ún 2005 làwọn èèyàn ti rí i pé táwọn bá fi áàpù táwọn kọ síbi tó yẹ lórí Memory Stick, ìyẹn káàdì PSP, á kàn ṣí.

Àwọn ti Amẹ́ríkà wá pẹ̀lú 1.50, ìyẹn ń yẹ nǹkan wò ní tiẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ihò ara ẹ̀, mo fẹ́ràn èyí gan-an torí kò sí idán kankan níbẹ̀. Wọ́n á ṣe fódà méjì lórí káàdì, ká ní ọ̀kan ń jẹ́ AYO, wọ́n á sọ èkejì ní AYO%, orúkọ kan náà, àmì pásẹ́ńtì nìkan ló fi jù ú lọ. Inú èyí tó ní pásẹ́ńtì ni wọ́n á fi àwòrán àti orúkọ géèmù sí, wọ́n á fi áàpù gan-an sínú èkejì. Máígádì á yẹ èyí tó ní pásẹ́ńtì wò, kò ní bá áàpù kankan níbẹ̀ tó máa bèèrè òǹtẹ̀ ẹ̀, nígbà tó bá wá fẹ́ ṣí i, pásẹ́ńtì á tàn án, inú fódà kejì ló máa lọ mú u. KXploit ni wọ́n pe ọgbọ́n yìí. Ẹ ó wá rí i tí fódà kejì ń jókòó sójú ẹ̀rọ tí wọ́n kọ "Corrupted Data" sí i lára, kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn.

Sony gbé 2.00 jáde, wọ́n fi íntánẹ́ẹ̀tì sí i kó lè wu èèyàn láti gbà á, wọ́n sì dí ihò yẹn. Kò tó oṣù díẹ̀ tí wọ́n tún rí òmíràn, lára fọ́tò lọ́tẹ̀ yìí. Fọ́tò TIFF kan tí wọ́n dìídì ṣe: PSP ti ṣètò àyè tó mọ níba fún un nínú mẹ́mórì, fọ́tò náà wá kọjá àyè ẹ̀, èyí tó kọjá yẹn lọ bo ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka iṣẹ́ tó kàn tó fẹ́ ṣe, ohun tí wọ́n kọ sínú fọ́tò ló wá di àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé. Máígádì ò yẹ fọ́tò wò fún sítíkà, ṣebí fọ́tò ni.

Èyí tó kàn ni GTA Liberty City Stories. Géèmù yẹn fúnra ẹ̀ ní òǹtẹ̀ Sony tó pé, kò sẹ́ni tó lè ní kó má wọlé. Ṣùgbọ́n fáìlì tó fi ń rántí ibi tẹ́ ẹ bá a dé, ìyẹn save, ó máa ń gbà á gbọ́ jù, wọ́n wá ṣe save tó ní májèlé nínú, tẹ́ ẹ bá ti ní kí géèmù gbé e, homebrew á ṣí. Àwọn tí ò tiẹ̀ gbá GTA rí lọ ń wá UMD ẹ̀ rà, wọ́n wá tún UMD ẹ̀ tẹ̀ láti dí ihò yẹn.

Gbogbo ìwọ̀nyí ní àléébù kan náà. Wọ́n fi ọgbọ́n kọjá lára máígádì, wọn ò lé e kúrò níṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá pa ẹ̀rọ tẹ́ ẹ tún un tàn, ó ti padà sẹ́nu géètì.

Custom firmware ńkọ́, kí ni ìyẹn?

Ní 2006, ará Sípéènì kan tó ń jẹ́ Dark_AleX lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ohun tó yàtọ̀. Ó mú firmware Sony gan-an, ó tún apá ibi tó ń yẹ òǹtẹ̀ wò ṣe kó máa gba gbogbo nǹkan, ó sì dá a padà sínú ẹ̀rọ. Máígádì tuntun ló gbà síṣẹ́, aṣọ iṣẹ́ ti àtijọ́ ló wọ̀ fún un. Gbogbo ohun tí PSP ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń ṣe, UMD ń ṣiṣẹ́, orin ń ṣiṣẹ́, homebrew wá ń ṣí bíi géèmù tòótọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní custom firmware nìyẹn, CFW ni wọ́n gé e kúrú sí, òun náà sì ni ọlọ́jà ń sọ tó bá ní ẹ̀rọ "ti hack".

Kéèyàn tó gbé CFW wọ ẹ̀rọ tó ti gba firmware tuntun ló wá di iṣẹ́. Ní oṣù Kẹjọ 2007 ni wọ́n gbé bátìrì Pandora jáde. Bátìrì PSP ní ṣíìpù kékeré kan nínú tó ń rántí nọ́ńbà bátìrì náà. Tí nọ́ńbà yẹn bá jẹ́ FFFFFFFF, PSP ò ní ka firmware inú ara ẹ̀ rárá, orí Memory Stick ló máa lọ wá ohun tó máa fi jí. Ọ̀nà tí àwọn tó ń tún PSP ṣe fún Sony fúnra ẹ̀ ń lò ni, wọ́n kàn rí àṣírí ẹ̀. Bó ṣe di pé PSP tó ti kú pátápátá, tó jẹ́ pé iná ẹ̀ nìkan ló ń tàn tí kò sí nǹkan lójú ẹ̀, ń jí dìde nìyẹn.

Sony gbọ́, wọ́n yí ohun tó wà nínú ṣíìpù ẹ̀rọ padà fún àwọn PSP-2000 tó jáde gbẹ̀yìn àti gbogbo PSP-3000 tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Pandora ò mú àwọn yẹn. Ní 2009 fọ́tò TIFF tún ṣí ọ̀nà fún firmware 5.03, wọ́n pe ìyẹn ní ChickHEN.

Ibi tí gbogbo ẹ̀ parí sí, kì í ṣe ara PSP rárá. PlayStation 3 náà lè gbé géèmù PSP kan, torí náà Sony ní láti fi kọ́kọ́rọ́ PSP sínú ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń ṣe òǹtẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú àṣírí PS3 ní ìparí 2010 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2011, kọ́kọ́rọ́ PSP bọ́ síta pẹ̀lú ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó kọ homebrew lè tẹ òǹtẹ̀ lù ú, òǹtẹ̀ tí PSP máa rí tí á gbà pé ti Sony ni. Ilé tí wọ́n ti ń tẹ sítíkà gan-an ni wọ́n dé yìí. Firmware 6.60 tó jáde lọ́dún 2011 àti 6.61 tó jáde ní 2015, tí kò tún sí òmíràn lẹ́yìn ẹ̀, kò sí èyí tó lè mọ ìyàtọ̀ nínú méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí nǹkan fi rọrùn báyìí: áàpù tó ń gbé CFW wọ PSP, homebrew tó ní òǹtẹ̀ ni òun náà, ẹ ò nílò bátìrì pàtàkì tàbí fọ́tò kankan.

Kí ló wá dé tó fi "ń ṣí kúrò" tí bátìrì bá kú?

Ìbéèrè tí mo mọ̀ pé ẹ ti ń dúró dè nìyí. PSP-1000 àti àwọn PSP-2000 àkọ́kọ́, CFW lè wọ inú wọn lọ kó jókòó síbẹ̀, ẹ tan án, ẹ pa á, ibẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n láti PSP-2000 tó gbẹ̀yìn, PSP-3000, PSP Go dé E1000 tí wọ́n ń pè ní Street, apá tó máa ń kọ́kọ́ jí nínú ẹ̀rọ kì í gba ohun tí wọ́n ti fọwọ́ kàn. CFW tí wọ́n ń fi sí àwọn wọ̀nyẹn, inú RAM ló ń gbé. Iná kúrò lára RAM, CFW bá a lọ, máígádì àtijọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ISO pòórá, homebrew tí ò ní òǹtẹ̀ ń kọ 80020148 sójú. Kò sí ohun tó sọnù lórí káàdì yín o.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ò ju kẹ́ ẹ lọ sí Game, kẹ́ ẹ wá áàpù tó ń jẹ́ Fast Recovery tó bá jẹ́ PRO ni CFW yín, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn díẹ̀, á padà wá, gbogbo géèmù yín á ti wà níbẹ̀. Orúkọ áàpù yìí yàtọ̀ láti CFW kan sí èkejì, iṣẹ́ kan náà ni. Tí ẹni tó tà á bá ti pa á rẹ́ kúrò lórí káàdì, tàbí tẹ́ ẹ ra káàdì tuntun tẹ́ ẹ ò kó o síbẹ̀, ẹ ní láti lọ gbà á padà.

Ohun mìíràn tí àwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ti bọ́tìnnì iná PSP sókè fẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀, kò kú, oorun ló sùn, CFW ṣì wà. Tẹ́ ẹ bá tì í tẹ́ ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló tó kú pátápátá. Torí náà àwọn ọmọ lè fi oṣù kan lò ó láìrí wàhálà, lọ́jọ́ tí bátìrì bá wá gbẹ ni ariwo máa tó sọ.

Ọ̀nà tó máa jẹ́ kó dúró títí ti wà fún àwọn tuntun náà báyìí o. Áàpù Infinity tí Davee ṣe lè ṣe é, CFW tó ń jẹ́ ARK-4 náà lè ṣe é. Ẹni tó ń ta PSP-3000 tó ní "hack títí láé ni", ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ irọ́, ẹ ní kó yọ bátìrì níwájú yín, kó dá a padà, kó tún un tàn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín?

Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ System Settings, ẹ ṣí System Information. Nọ́ńbà firmware wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 6.60 tàbí 6.61 lásán, kò sí CFW lára ẹ̀ lásìkò yẹn. Tó bá ní lẹ́tà tẹ̀lé e bíi 6.60 PRO-C tàbí 5.00 M33, ó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, bíi PSP-1003 tàbí PSP-3004, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì, èyí tó gbẹ̀yìn kàn ń sọ apá ayé tí wọ́n ti tà á ni.

Níbo ni homebrew ń gbé lórí káàdì?

Ẹ fi okùn mini-USB so PSP mọ́ kọ̀ǹpútà, ìyẹn irú okùn tí àwọn kámẹ́rà àtijọ́ ń lò, kì í ṣe ti fóònù ìsinsìnyí. Lórí káàdì ẹ máa rí fódà tó ń jẹ́ PSP, inú ẹ̀ ni fódà GAME wà. Homebrew kọ̀ọ̀kan á ní fódà tiẹ̀ nínú GAME, inú fódà yẹn ni fáìlì kan á wà tó ń jẹ́ EBOOT.PBP. Ẹ má yí orúkọ ẹ̀ padà. Inú fáìlì kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo nǹkan wà: orúkọ tó ń hàn, àwòrán kékeré, àwòrán ńlá tó máa ń bo ẹ̀yìn, orin tó máa ń dún tẹ́ ẹ bá dúró lórí ẹ̀, àti áàpù fúnra ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú ni zip, ìyẹn fáìlì tí wọ́n di homebrew pọ̀ sínú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbà á. Ẹ tú u, ó fún yín ní fódà AYO, ẹ ṣí i, fódà AYO mìíràn tún wà nínú ẹ̀, inú ìyẹn ni EBOOT wà. Tẹ́ ẹ bá gbé ti òde lọ, PSP ò ní rí nǹkan kan, kì í wọ ilé inú ilé. Ti inú ni kẹ́ ẹ gbé. ISO ní tiẹ̀ kì í gbé inú PSP/GAME, fódà ISO lọ́tọ̀ ló ń gbé, níta gbangba lórí káàdì.

Memory Stick Pro Duo ti di ọ̀wọ́n, ayédèrú ẹ̀ sì pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń lò báyìí ni àpò kékeré tó máa ń sọ microSD fóònù di Pro Duo, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ má sì retí pé kẹ́ ẹ fi PSP fúnra ẹ̀ gba nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Wi-Fi ẹ̀ ti pẹ́ jù, kò mọ WPA2, àwọn wẹ́ẹ̀bù òde òní ò sì ní gbà á.

Ṣé kò ní ba ẹ̀rọ jẹ́?

Kí homebrew máa ṣí lórí ẹ̀ kì í sábà ba nǹkan kan jẹ́, bí ẹni ń gbá géèmù ni, tó bá ṣáà ti jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣeé fọkàn tán lẹ ti gbà á. Ìgbà tó léwu ni ìgbà tí wọ́n bá ń kọ nǹkan sínú firmware gan-an, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe update tàbí tí wọ́n ń gbé CFW tó máa dúró títí sí i. Tí iná bá lọ níbẹ̀ tí bátìrì náà ò sì lágbára, ẹ̀rọ lè má jí mọ́. PSP-1000, Pandora lè gbà á là. PSP-3000, kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, kí ṣájà náà wà lára ẹ̀, ẹ má ṣe é lórí jẹnẹrétọ̀ tí epo ẹ̀ fẹ́ tán.

Ohun tó ń pa PSP jù báyìí kì í ṣe hack, bátìrì ni. Àwọn bátìrì yẹn ti pẹ́, wọ́n ń wú. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ìdérí ẹ̀yìn ń gbé sókè tàbí kò fẹ́ pa dé mọ́, ẹ yọ bátìrì yẹn lójú ẹsẹ̀, ẹ má gún un, ẹ má tún ki ṣájà bọ̀ ọ́. Ojúlówó bátìrì PSP-1000 jẹ́ 1800mAh, ti 2000 àti 3000 jẹ́ 1200mAh, tẹ́ ẹ bá wá rí èyí tó rí bákan náà tí wọ́n kọ 3600 sí lára, ẹ̀yin náà ẹ ti mọ̀.

Òfin ńkọ́?

Áàpù tẹ́nìkan kọ fúnra ẹ̀ tó sì fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí ohun tí wọ́n jí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ máígádì ló ní ẹ̀yà òfin tirẹ̀: ní Amẹ́ríkà, òfin DMCA ti 1998 ò fẹ́ kéèyàn máa fọ́ títì tí wọ́n fi dáàbò bo iṣẹ́ oníṣẹ́, òfin Copyright Act 2022 tí Nàìjíríà buwọ́ lù ní 2023 náà kan irú ẹ̀. Sony pe George Hotz lẹ́jọ́ ní oṣù Kìíní 2011 lórí ọ̀rọ̀ PS3, wọ́n kéde ní oṣù Kẹrin pé àwọn ti parí ẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹni tó tú àṣírí jáde fún aráyé ni wọ́n lé, kì í ṣe ẹni tó ń ka PDF lórí PSP nílé ẹ̀.

ISO ní tiẹ̀, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ sọ ọ́. Géèmù tẹ́ ẹ ò rà, tẹ́ ẹ gba ẹ̀dà ẹ̀, iṣẹ́ ẹnìkan lẹ mú lọ́fẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta UMD tuntun mọ́, mo sì mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe é, àmọ́ kẹ́ni kẹ́ni má pe ìyẹn ní homebrew, ó ń ba orúkọ àwọn tó jókòó kọ nǹkan tiwọn jẹ́.

Mi ò ní PSP, ṣé mo lè gbìyànjú ẹ̀?

Ẹ lè ṣe é dáadáa, lórí fóònù tó wà lọ́wọ́ yín. PPSSPP ò ní máígádì, kì í béèrè òǹtẹ̀ Sony, homebrew tí wọ́n kọ fún PSP á ṣí níbẹ̀. Apá kan tiẹ̀ wà nínú ẹ̀ tí wọ́n kọ Homebrew & Demos sí, tẹ́ ẹ bá wọ ibẹ̀ ẹ ó rí díẹ̀ tẹ́ ẹ lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láìwá ISO kankan kiri. Tó bá sì jẹ́ pé kíkọ ẹ̀ ló ń wù yín, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ pspdev wà, ọ̀fẹ́ ni, èdè C ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ohun tẹ́ ẹ bá kọ á yọrí sí EBOOT.PBP, ẹ lè dán an wò lórí PPSSPP lórí kọ̀ǹpútà yín kẹ́ ẹ tó wá ẹni tó ní PSP gidi láti bá yín gbé e sí i. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó kọ orúkọ yín sójú ná, tó bá hàn, ẹ wá máa fi kún un.